Rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù lórí àtúnṣe ètò ìdìbò: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ka sí

Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, wọ́n bi àwọn ará Ítálì léèrè bóyá kí wọ́n fagi lé apá kan nínú òfin ìdìbò wọn. Nínú àwọn tó dìbò, nǹkan bí 91 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yẹn fìdí rẹmi. Òfin wọn ni pé àfi kí àwọn tó jáde ju ìdajì gbogbo àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lọ, àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà sì jẹ́ 49.6 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ bíńtín ló kù kó pé. Àwọn tó jókòó sílé ló wọlé.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa, tá a bá ti gbọ́ rẹfẹrẹ́ńdọ̀mù, ìyẹn ìbò tí wọ́n fi ń bi aráàlú bóyá wọ́n fara mọ́ òfin kan, ohun tá a máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló fẹ́ ẹ, ta ni ò fẹ́ ẹ, ká wá to sẹ́yìn ẹni tá a fẹ́ràn. Ìyẹn rọrùn o, kò sì fẹ́ ìrònú, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá yàn tí kò ṣe dáadáa, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ẹ lé e lọ, nígbà tó jẹ́ pé òfin tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yìí ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lé èèyàn lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ tó ń rákòrò báyìí á fi dàgbà dìbò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má fi ètò tí wọ́n gbé wá wé ètò tí kò lábùkù, kò sí irú ẹ̀ láyé, ẹ fi wé èyí tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wo àbùkù tẹ́ ẹ lè bá gbé nínú méjèèjì. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìbéèrè náà gan-an

Pósítà kọ́, fídíò ìṣẹ́jú kan tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kọ́. Ìbéèrè tó máa wà lórí ìwé ìdìbò ni kẹ́ ẹ wá, àjọ elétò ìdìbò sábà máa ń gbé e síta ṣáájú ọjọ́ ìbò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wo ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè ọ̀hún.

Ṣé dandan ni kí ìjọba tẹ̀ lé èsì náà, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú ni? Ní Prince Edward Island ní Kánádà lọ́dún 2016, ètò tuntun kan ló borí nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ó ní nǹkan bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba ní àwọn tó jáde kéré jù, wọ́n ò ṣe é, wọ́n tún gbé ìbò mìíràn kalẹ̀ lọ́dún 2019, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sì borí níwọ̀nba. Kì í ṣe pé irú ìbò bẹ́ẹ̀ ò wúlò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe.

Èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó di bẹ́ẹ̀ ni? Ní British Columbia, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Kánádà, lọ́dún 2005, bẹ́ẹ̀ ni ní 57.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì pàdánù torí 60 ni wọ́n béèrè. Ẹni tó bá rò pé ìdajì lé ẹyọ kan ti tó níbi gbogbo á kàn máa yọ̀ lásán ni. Ibi tó bá sì jẹ́ pé iye àwọn tó jáde wà nínú òfin bíi ti Ítálì, jíjókòó sílé náà ti di ìbò nìyẹn, ìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ibi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sílé ti gbé ẹnu tiẹ̀ fún aládùúgbò ẹ̀.

Ṣé ìbéèrè kan ni àbí méjì? New Zealand lọ́dún 1992 bi wọ́n ní méjì: àkọ́kọ́, ṣé kí wọ́n yí ètò tó wà padà, èkejì, tí wọ́n bá máa yí i padà, èwo nínú mẹ́rin lẹ fẹ́. Ó ju 84 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ní kí wọ́n yí i padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa irú ìwé báyìí ni pé ẹ lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ sì tún dáhùn èkejì, ẹ kàn ń sọ pé èmi ò fẹ́ o, ṣùgbọ́n tó bá di dandan, eléyìí ló sàn jù. Ẹni tó bá fi èkejì sílẹ̀ torí ìbínú, ara ẹ̀ ló ń bínú sí.

Ó ku ẹyọ kan. Ṣé wọ́n ti kọ òfin ètò tuntun náà tán, àbí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbà? Ní British Columbia kan náà lọ́dún 2018, wọ́n to ètò mẹ́ta síwájú aráàlú, ọ̀pọ̀ nínú kúlẹ̀kúlẹ̀ wọn sì jẹ́ ohun tí wọ́n ní àwọn á parí lẹ́yìn ìbò. Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lé ní 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi ò bá wọn wí o. Wọn ò tíì fi ẹran hàn yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ dá iye.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí torí ó jọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé bí ìbò tẹ́ ẹ dì lọ́jọ́sí ṣe di àga nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣé ẹ lè ṣe é láìkólòlò? Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ má tíì dá sí àríyànjiyàn nípa tuntun.

Lọ́pọ̀ ibi tọ́rọ̀ yìí ti ń dé, ètò tó wà nílẹ̀ ni pé ẹkùn ìdìbò kan, ẹnì kan, ẹni tí ìbò ẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé, kódà tí kò bá dé ìdajì. Ó níyì tiẹ̀. Kíkà ẹ̀ yá, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè tí nǹkan bá bàjẹ́ lágbègbè yín, ẹ sì mọ ẹni tẹ́ ẹ máa lé. Àbùkù ẹ̀ náà hàn kedere. Ní Lesotho lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ kan gba nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, wọ́n sì kó 79 nínú àga 80, àwọn yòókù fi ẹ̀hónú hàn títí ó fi di rògbòdìyàn, nígbà tó fi máa di ìbò 2002 wọ́n ti yí ètò ọ̀hún padà. Ní Ìlú Ọba lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ òṣèlú UKIP gba 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè, àga kan ṣoṣo ni wọ́n rí. SNP, ẹgbẹ́ òṣèlú Scotland, gba 4.7, wọ́n rí àga 56, torí pé Scotland nìkan ni ìbò tiwọn ṣù jọ sí. Ìbò tó fọ́n káàkiri bí ìyẹ̀fun ò lè gbé èèyàn wọlé lábẹ́ ètò yìí. Ó tiẹ̀ lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní New Zealand lọ́dún 1978 àti 1981, ẹgbẹ́ tí ìbò wọn pọ̀ jù kọ́ ló rí àga tó pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn èèyàn lára.

Ẹ má sì rò pé ohun tí wọ́n bá pè ní àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkúrò nínú ètò yìí. Ní Ireland, ohun tí ìjọba fẹ́ ní 1959 àti 1968 ni kí wọ́n bọ́ SÍNÚ ẹ̀. Aráàlú kọ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ìdílé tí ètò tuntun náà ti wá

Orúkọ tí wọ́n fún un lè dà yín láàmú, ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ mẹ́ta, Igi, Òkúta àti Omi, nínú ẹkùn tó ní olùdìbò 100. Igi gba 40, Òkúta 35, Omi 25. Lábẹ́ ètò tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè, Igi ti wọlé, ó parí.

Ìdílé kan wà tó jẹ́ pé ẹnì kan náà ló máa wọlé ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ 1, 2, 3 síwájú orúkọ àwọn olùdíje bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ wọn sí. Omi ló kéré jù, ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wo ẹni tí àwọn 25 yẹn fi ṣe èkejì. Ká ní 10 nínú wọn mú Òkúta, 3 mú Igi, àwọn 12 ò kọ ẹlòmíì rárá. Òkúta ti di 45, Igi 43, Òkúta wọlé. Àwọn tó ń ta ọjà yìí á sọ fún yín pé ẹni tó bá wọlé ti ní ju ìdajì lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ìwé tó ṣẹ́ kù sórí tábìlì ni wọ́n ń sọ, 45 nínú 88, kì í ṣe nínú 100. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ètò yìí ń pín àga bí ìbò ṣe rí. Kò pín nǹkan kan o. Ẹnì kan ṣì ni, ẹgbẹ́ ńlá tó jẹ́ ẹni kejì gbogbo èèyàn tiẹ̀ lè kó àga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n dìbò lé lórí ní Ìlú Ọba lọ́dún 2011, kì í sì í ṣe ètò ìpín-bí-ìbò-ṣe-rí.

Ìdílé kejì tún ń kọ 1, 2, 3, ṣùgbọ́n ẹni púpọ̀ ló ń wọlé ní ẹkùn kan. Ireland ń lò ó, ẹni mẹ́ta sí márùn-ún ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ẹ̀ ò le bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀: tí ìbò bá jẹ́ 1,000 tí àga jẹ́ 3, ẹ fi 1,000 pín 4, ẹ fi ẹyọ kan kún un, ẹni tó bá ti ní 251 ti wọlé, èyí tó bá lé lórí ìbò ẹ̀ á ṣàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ 2 sí. Iye àga ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ fojú sí, bó bá ṣe kéré tó ni ẹgbẹ́ kékeré á ṣe máa ráre tó. Ètò yìí náà ti da omi sí wọn lẹ́sẹ̀ rí: ní Malta lọ́dún 1981, ẹgbẹ́ tó gba 50.9 nínú ọgọ́rùn-ún rí àga 31, ẹgbẹ́ tó gba 49.1 rí 34.

Ìdílé kẹta ni lísìtì, ẹ dìbò fún ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ gba àga bí ìbò wọn bá ṣe tó. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ta ló ń to orúkọ? Tó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ń tò ó tí aráàlú ò lè tún un tò, a jẹ́ pé ọ̀gá ẹgbẹ́ làwọn aṣòfin á máa sìn.

Ìdílé kẹrin ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa, ètò àmúlùmálà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Ìbò méjì lẹ máa dì, ọ̀kan fún ẹni ẹkùn yín, ọ̀kan fún ẹgbẹ́. Ká ní ilé aṣòfin ní àga 100, 50 láti ẹkùn, 50 láti orí lísìtì. Ẹgbẹ́ Igi gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ẹgbẹ́, wọ́n sì ti wọlé ní ẹkùn 35. Irú àmúlùmálà kan wà tó jẹ́ pé lísìtì ń dí àlàfo: ìbò yín 40, ẹ̀tọ́ yín àga 40, ẹ ti ní 35, ẹ gba 5 sí i, ó tán. Irú kejì ń pín lísìtì lọ́tọ̀ bíi pé ẹkùn ò sí rárá: ẹ ní 35, ẹ tún gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún àga 50, ìyẹn 20, gbogbo ẹ̀ di 55. Ìbò kan náà, ìwé ìdìbò tó jọra bí ìbejì, ọ̀kan gbé àga 40 jáde, èkejì gbé 55, ẹgbẹ́ tí ò dé ìdajì ti ń dá ìjọba ṣe. Jámánì àti New Zealand ń lo tàkọ́kọ́, Japan ń lo tèkejì. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ti pe ètò tó ní lísìtì àti ẹkùn pa pọ̀, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi í ni pé: nígbà tẹ́ ẹ bá ń pín àga lísìtì, ṣé ẹ máa ń ka àga ẹkùn tí ẹgbẹ́ ti ní mọ́ ọn? Tí ò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ tún béèrè ìlà ìwọlé, ìyẹn iye ìbò tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní kó tó rí àga. Jámánì àti New Zealand fi sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, Israel 3.25. Ní Turkey lọ́dún 2002, 10 ni, nǹkan bí ìbò 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ò dé ìlà yẹn, ẹgbẹ́ tó gba 34 kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àga. Orúkọ ẹ̀ ṣì ni ìpín-bí-ìbò-ṣe-rí o.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mú bírò

Ẹ wá èsì ìbò tó kọjá lágbègbè yín àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe kà á, àti bí ètò tuntun ì bá ṣe kà á. Kò ní pé pérépéré, kó má pé náà ni, torí ìwà àwọn èèyàn á yí padà tí òfin bá yí padà, ẹni tó ń dìbò fún ẹni tí kò fẹ́ torí kí ẹni tó kórìíra má bàa wọlé lè wá dìbò fún ẹni tó wù ú gan-an, ẹgbẹ́ ńlá lè fọ́ sí méjì, ẹgbẹ́ tuntun lè yọjú. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe é lẹ́ẹ̀kan báyìí, kò sẹ́ni tó máa lè fi gírámà dẹ́rù bà yín mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá kọ nǹkan mẹ́ta tó ṣe pàtàkì sí yín jù, lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé pé kẹ́ ẹ ní ẹnì kan pàtó tẹ́ ẹ lè di mú? Ṣé pé kí àga bá ìbò dọ́gba? Ṣé pé kẹ́ ẹ lè lé ìjọba lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ṣé pé kí àwọn tó kéré níye náà lẹ́nu nílé aṣòfin? Ẹ ò lè rí gbogbo ẹ̀ gbà pa pọ̀, ẹni tó bá ṣèlérí gbogbo ẹ̀ fún yín ń purọ́ ni. Èmi ní tèmi, kí àga bá ìbò dọ́gba ló ṣáájú, mo sì mọ ohun tí mo máa san dípò ẹ̀, pé ìjọba ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta tó kóra jọ ni màá máa rí, tí wọ́n á máa dúnàádúrà lẹ́yìn ìbò ní yàrá tí mi ò sí níbẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù lo 541 ọjọ́ láàárín 2010 àti 2011 kí wọ́n tó rí ìjọba gbé kalẹ̀. Èmi lè gbé ìyẹn. Ẹ̀yin lè má lè gbé e, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá ka ìjọba tó tètè dúró sí nǹkan àkọ́kọ́ láti dìbò fún kì í ṣe òpònú. Àmọ́ kẹ́ ẹ tún rántí pé Ìlú Ọba náà ní ìjọba àjùmọ̀ṣe láti 2010 sí 2015 lábẹ́ ètò àtijọ́ tí wọ́n ní kì í jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀rọ̀ kámpéènì

Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù síni lójú. Ní 2011 yẹn, àwọn tí ò fẹ́ ètò kọ-1-2-3 ní Ìlú Ọba sọ pé ó máa ná wọn ní £250 mílíọ̀nù, wọ́n ka owó ẹ̀rọ tí wọ́n á fi ka ìbò mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sẹ́ni tó ní wọ́n máa ra ẹ̀rọ. Láti 1918 ni Ọsirélíà ti ní irú ètò yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka ìwé ilé aṣòfin kékeré wọn. Àwọn tó fẹ́ ẹ náà ò ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọ́n ní ó máa jẹ́ káwọn aṣòfin túbọ̀ ṣiṣẹ́ kára, mi ò tíì rí bí ètò ìdìbò ṣe ń jí ọ̀lẹ lójú oorun. Ìgbà tí wọ́n ka ìbò, bẹ́ẹ̀ kọ́ ní 67.9 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ló sì jáde.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò rọrùn. Ẹni tó bá sọ pé ètò kan ba orílẹ̀-èdè kan jẹ́, ẹ béèrè orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń lo ètò kan náà tí kò bàjẹ́, ó máa wà. Ẹni tó bá ní ètò kan ló sọ ibì kan di ọ̀run rere, ẹ ṣe bákan náà fún un.

Ẹ wo ẹni tó gé aṣọ náà, bóyá ara ẹ̀ ló wọ̀n. Níbi táwọn olóṣèlú bá ti dá jókòó ṣe é, ẹ wo ẹgbẹ́ tí àga ẹ̀ máa lé. British Columbia gba ọ̀nà mìíràn ní 2004, wọ́n ṣa aráàlú lásán bí ẹni ṣa tẹ́tẹ́, ọkùnrin kan obìnrin kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àwọn méjì kún un láti ara àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, wọ́n di 160, wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó dá àbá. Ìyẹn ò ní kí àbá wọn dáa o, ṣùgbọ́n ó kéré tán wọn ò wá àga fún ara wọn.

Kẹ́ ẹ sì ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ìtàn Ireland ni mo fẹ́ràn jù níbí. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà 1959, ọjọ́ kan náà, wọ́n dìbò yan de Valera, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn, sípò ààrẹ, wọ́n sì tún dìbò lórí àtúnṣe tí òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé wá, èyí tí ì bá fún ẹgbẹ́ yẹn ní àga sí i. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì kọ àtúnṣe ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò rí i pé èèyàn lè fẹ́ràn bàbá kó má gba oògùn ẹ̀. Òdì kejì ẹ̀ náà wà: tẹ́ ẹ bá ń bínú sí ìjọba, tẹ́ ẹ wá fi bẹ́ẹ̀ kọ́ gbá wọn létí, wọ́n á lọ nígbà tó bá yá, ètò tẹ́ ò kà dáadáa lẹ máa jókòó tì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Àwọn kan á ní èyí ò dáa tó, ẹ jẹ́ ká ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ká dúró de èyí tó sàn jù. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ wà ní 2011, wọ́n fẹ́ ìpín-bí-ìbò-ṣe-rí, wọ́n kọ kọ-1-2-3. Látìgbà náà wọn ò tíì bi ará Ìlú Ọba ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. British Columbia ní tiẹ̀ padà sídìí ẹ̀ ní 2009, bẹ́ẹ̀ ni tó ti jẹ́ 57.7 já sí 39, wọ́n tún padà ní 2018, pàbó ló já sí. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ bi í pé ta ló máa gbé èyí tó sàn jù náà wá, ìgbà wo sì ni.

Fún ẹni tó fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè tiẹ̀ ni pé tó bá dà rú ńkọ́, ṣé ọ̀nà àtipadà wà? New Zealand ṣe èyí dáadáa. Wọ́n gba ètò àmúlùmálà ní 1993 pẹ̀lú 53.9 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n fi dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1996, nígbà tó di 2011 wọ́n tún padà bi aráàlú léèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́ ẹ, nǹkan bí 57.8 ní àwọn ṣì fẹ́ ẹ. Tí irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá wà nínú òfin tiyín, ó yẹ kí ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni dín kù lára yín. Tí kò bá sí, ẹ fi í sórí ìwọ̀n.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ kọ gbólóhùn méjì. Èkíní: mo máa dìbò báyìí torí ìdí báyìí. Èkejì: ohun tí mo máa pàdánù nípa bẹ́ẹ̀ ni báyìí. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kọ sí èkejì, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹ ò tíì parí.

Tó bá jẹ́ ìwé ìdìbò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ ni, bí ti British Columbia ní 2018, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ mọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa lọ fúnra yín, ẹ ka ìtọ́ni orí ìwé kẹ́ ẹ tó sàmì, torí ibì kan fẹ́ àmì X, ibòmíì fẹ́ nọ́ńbà, ẹni tó bá ṣe òdì kejì, wọ́n lè ya ìwé ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ́ ẹ sì yí ìwé náà padà kẹ́ ẹ tó jù ú sínú àpótí, ìbéèrè kejì lè wà lẹ́yìn ẹ̀.